Kí ni ‘w’ tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò nínú èsì eré sísá?

Ó túmọ̀ sí pé atẹ́gùn tó ń ti àwọn sárésáré látẹ̀yìn ju mítà 2.0 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà a kò lè ka àkókò yẹn sí àkọsílẹ̀ tuntun. Ipò tí ẹni náà gbà kò yẹ̀, góòlù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn máa ń wà létí pápá, ní mítà 50 sí ibi tí eré parí sí. Nínú eré mítà 100, ìṣẹ́jú àáyá 10 ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Ní ìdíje orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí wọ́n fi yan àwọn tó lọ sí Olympics 2008, Tyson Gay sá mítà 100 ní 9.68. Nígbà náà, kò tíì sí ẹni tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ atẹ́gùn jẹ́ 4.1, ni 9.72 ti Usain Bolt, tó jẹ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé lọ́jọ́ náà, bá ṣì dúró.

Èyí tó dun àwa ọmọ Nàìjíríà jù ni ti Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìdíje àgbáyé 2022. 12.06 tó fi gba góòlù nínú eré mítà 100 tí wọ́n ti ń fo igi kò wọlé, torí atẹ́gùn jẹ́ 2.5. 12.12 tó sá lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí atẹ́gùn jẹ́ 0.9, ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Òfin yìí kan mítà 200 àti fífò jìnnà náà, ṣùgbọ́n kò kan mítà 400 sókè. Ẹni tó bá yí pápá po, atẹ́gùn tó tì í lápá kan yóò dojú kọ ọ́ lápá kejì.