Èsì: Ṣé Hamšík gba líìgì kankan kó tó fẹ̀yìn tì?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi wá pé ṣé Marek Hamšík, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Slovakia, gba líìgì rárá kó tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó gbà á o! Napoli, kíláàbù Ítálì, kọ́ ló ti gbà á ṣá, Tọ́kì ni, pẹ̀lú Trabzonspor, 2022, kíláàbù yẹn ò sì tíì gba líìgì látọdún 1984.

Àmọ́ Napoli gan-an lọ̀rọ̀ ẹ̀ wà, torí láti 2007 tó ti kúrò ní Brescia títí di 2019 tó lọ sí Ṣáínà, ibẹ̀ náà ló dúró sí, jẹ́sì 17, góòlù 121 ló gbá wọlé fún wọn, òun ló kọ́kọ́ kọjá góòlù 115 ti Maradona fún Napoli ní 2017 kí Mertens, agbábọ́ọ̀lù Napoli mìíràn, tó wá kọjá òun náà. Coppa Italia (ife-ẹ̀yẹ Ítálì) méjì ló gbà níbẹ̀, 2012 àti 2014. Ó ṣì ń dùn mí pé ìgbà tó lọ tán ni wọ́n wá gba líìgì, 2023, ọdún tóun náà fẹ̀yìn tì.

Ẹ má sì gbàgbé Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù 2010 o, ọmọ ọdún 22 péré, òun ni káptéènì Slovakia tó na Ítálì 3-2 ní Johannesburg, Ítálì tó gba Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù ní 2006 o, ni wọ́n lé lọ sílé!