Dróònù Tí Àbúrò Mi Fẹ́ Gbé Bọ̀ Láti London: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Látìgbà tí gbogbo èèyàn ti ń wo àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba látòkè wá lórí fóònù wọn, ọ̀rọ̀ dróònù, bàálù kékeré tí ò lẹ́nì kan nínú, ni lẹ́tà yín ń dá lé. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, mo mú mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ni mò ń ṣe, ìnáwó, ìsìnkú, gbogbo ẹ̀. Kásítọ́mà méjì ti fi mí sílẹ̀ torí mi ò ní dróònù. Àbúrò mi tó wà ní London fẹ́ gbé ọ̀kan bọ̀ fún mi ní Kérésì, ó ní kò tó 250 gíráàmù, pé kò nílò ìwé kankan. Ṣé kó gbé e bọ̀? (Oní-fídíò, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lónìí kẹ́ ẹ ní kó má tíì fowó ra nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ 250 gíráàmù tó gbọ́ yẹn, òfin ilẹ̀ ibòmíì ni, kódà ní London tó wà gan-an, tí kámẹ́rà bá ti wà lára ẹ̀, ó níbi tó ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Tiwa níbí yàtọ̀. Ọ́fíìsì méjì lẹ máa kàn. Àkọ́kọ́ ni ti olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, ONSA, àwọn ló ń fúnni níwèé tẹ́ ẹ máa fi gbé e wọ̀lú, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba ìyẹn kẹ́rù tó gbéra. Lẹ́yìn ẹ̀ ló kan NCAA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, àwọn ló ń fúnni láṣẹ láti máa fi ṣòwò. Tí ò bá sí ìwé àkọ́kọ́ yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á ní éépọ́ọ̀tù, owó yín ti wọgbó nìyẹn.

Mo mọ̀ pé òfin yìí máa ń bí àwọn oní-fídíò nínú, wọ́n á ní ìjọba kàn fẹ́ fìyà jẹ mẹ̀kúnnù ni. Àmọ́ ẹ wo Gatwick, pápákọ̀ òfurufú tó wà lẹ́bàá London níbẹ̀, ní December 2018, wọ́n ní àwọn rí dróònù lókè pápákọ̀, bí wọ́n ṣe ti ibẹ̀ pa nìyẹn, bàálù bí 1,000 ni ò lè lọ, èèyàn bí 140,000 ni ìrìn-àjò wọn dàrú nígbà tí Kérésì ti kan ilẹ̀kùn. Nílé níbí náà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń fi dróònù ṣọṣẹ́ l'Àríwá. Ẹni tó ń ṣọ́ ìlú ò lè fojú mọ èyí tó wá ya ìyàwó àti èyí tó wá ju bọ́ǹbù.

Kẹ́ ẹ tó gbàwé, ẹ háyà ẹni tó ti gbà á, kẹ́ ẹ ro owó ẹ̀ mọ́ bíìlì tẹ́ ẹ fún kásítọ́mà, bẹ́ ẹ ṣe ń ro ti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.

Ó tún ku kan. Mo wà níbi ìgbéyàwó kan l'Abẹ́òkúta tí oní-dróònù ti ń gbé dróònù ẹ̀ balẹ̀ láàárín kánópì méjì, ni ọmọkùnrin kan tí ò lè ju ọmọ ọdún méje lọ bá nawọ́ kó mú un bí ẹni fẹ́ mú labalábá. Ike lásán ni abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lára ẹ̀ o, àmọ́ ó ya ìka ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí léèsì funfun tí wọ́n rán fún un. Igbe ìyá ẹ̀ ṣì wà létí mi. Ẹ wá ibi gbalasa tí ò sérò, ẹ fi ẹnì kan síbẹ̀ tó máa lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, ẹ má sì fò ó kọjá lórí àwọn tó ń jó.

Ọmọọmọ mi fi fídíò kan hàn mí lórí WhatsApp, bàálù kékeré kan ń ju páálí sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni àbí ayédèrú tí kọ̀ǹpútà fi AI ṣe? (Ìyá agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ṣakí)

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, Mà, dróònù ni bàálù kékeré yẹn. Rwanda ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní October 2016, ní Muhanga, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Zipline ló gbé e débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, tóbìnrin bá bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, wọn kì í ka wákàtí mọ́, ìṣẹ́jú ni. Rwanda sì rèé, òkè lórí òkè, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ. Ọsibítù kékeré ò sì lè máa kó gbogbo ẹ̀jẹ̀ pamọ́, torí apá tó ń mú kẹ́jẹ̀ dì, tí wọ́n ń pè ní pílátílẹ́ẹ̀tì, bí ọjọ́ márùn-ún ló ń lò tó fi ń bàjẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló wù mí jù. Ọsibítù á ránṣẹ́, wọ́n á di ẹ̀jẹ̀ sínú páálí, wọ́n á gbé e sínú ikùn dróònù náà, ó níyẹ̀ẹ́ méjì bíi bàálù gidi, kì í ṣe oní-abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tẹ́ ẹ ń rí lóde ìnáwó, ẹ̀rọ kan á wá ta á sókè bí òkò inú kànnàkànnà. Eré tó ń sá ń lọ sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Tó bá débẹ̀ kì í balẹ̀ rárá, á rẹlẹ̀ díẹ̀, ikùn ẹ̀ á ṣí, páálí á bọ́ pẹ̀lú pàráṣúùtù oníbébà, á rọra sọ̀ sórí koríko, nọ́ọ̀sì á jáde wá gbé e. Tó bá padà délé, okùn tí wọ́n ta sáàárín òpó méjì ló máa fìrù kọ́, á máa mì dirodiro níbẹ̀ títí wọ́n á fi já a.

Ìwádìí tó jáde ní 2022 sọ pé láwọn ọsibítù Rwanda tó ń lò ó, ẹ̀jẹ̀ tó ń bàjẹ́ dànù dín kù ní 67 nínú 100. Ghana gbà á ní 2019, nílẹ̀ wa Kaduna ló ṣíwájú ní 2022, Cross River àti Bayelsa tẹ̀ lé e. Tí mo bá wá rántí àwọn abúlé Òkè-Ògùn lásìkò òjò, tí ọ̀kadà pàápàá ń rì sínú ẹrẹ̀, ó ń dùn mí, Mà. Ó yẹ káwọn gómìnà wa ti lọ wo ti Kaduna.

Àgbàdo èékà méjìlá ni mo dá, ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò lè gbé tánkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn mọ́. Ṣé kí n yáwó ra dróònù tó ń fín oògùn? (Àgbẹ̀, Ìṣẹ́yìn)

Bàbá, ẹ má yáwó o. Ẹ̀rọ náà dáa, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún táwọn ará Japan ti ń fi ọkọ̀ tí ò lẹ́nì kan nínú fín oko ìrẹsì, òmíì sì wà báyìí tó ń gba lítà 40 lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ oko èékà méjìlá nìkan ò lè san gbèsè ẹ̀, bátìrì ẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán, ẹ máa nílò jẹnẹrétọ̀ lóko. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ̀yin àgbẹ̀ bíi mẹ́jọ, kẹ́ ẹ háyà ẹni tó níwèé, kó wá fín gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ìdájí ni kó ṣe é, kí atẹ́gùn tó gbéra, torí láti òkè tó ti ń fín in, oògùn koríko lè fẹ́ dé oko onítòmátì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kò ní mọ nǹkan tó jó ewé ẹ̀. Ẹ lọ sọ fún un ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kó lè ká èyí tó bá ti pọ́n.