Ẹ Bi Màmá Eléwéko Léèrè: Igi Tí Ọ̀dá Kò Lè Pa

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ayé mìíràn tí mo pè ní Yangí. Ọdún méje ni òjò fi ń dá níbẹ̀ kó tó tún rọ̀. Igi kan ló ń bọ́ àwọn ará Yangí, mo sọ ọ́ ní Adúródòjò. Ewé rẹ̀ fẹ̀ tó ewé kókò, ó ń so láti ọdún dé ọdún, tí ẹ bá sì gbìn ín, láàárín oṣù kan ó ti ga ju ilé lọ. Àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì kà á, ó ní irú igi bẹ́ẹ̀ kò lè wà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n tún ṣe nínú rẹ̀? *(Ọmọ yín, Ògbómọ̀ṣọ́)*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, inú mi dùn gan-an sí ìwé rẹ, pé ẹnì kan ń fi Yorùbá kọ irú ìtàn yìí, tó sì ń ronú sí igi inú rẹ̀. Àbúrò rẹ kò parọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún méje tí òjò dá ló ba igi rẹ jẹ́. Gbogbo nǹkan lo fún Adúródòjò, o kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ara ewé kún fún ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì ń gbà wọlé, òun ni ewé ń lò pẹ̀lú omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti fi ṣe oúnjẹ tó fi ń dàgbà. Ibẹ̀ kan náà sì ni omi ń gbà jáde. Bí igi bá pa ihò yìí dé nítorí ọ̀dá, omi rẹ̀ á dúró, ṣùgbọ́n oúnjẹ á tán. Bó bá ṣí i sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, á máa dàgbà, á sì máa gbẹ. Ewé tó fẹ̀ bíi ti kókò ń pàdánù omi púpọ̀, ìdí nìyẹn tí kókò fi fẹ́ràn etí odò. Wo ẹ̀gẹ́ lóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ó ti pa ihò ewé rẹ̀ dé, ó ti gbọn púpọ̀ nínú ewé náà dànù, ó jókòó jẹ́ẹ́ títí òjò á fi dé. Kò kú, ṣùgbọ́n kò tóbi sí i.

Wàyí o, lọ wá ewé abámọdá. Kò ní jìnnà sí ọ níbẹ̀ yẹn. Ó nípọn, omi kún inú rẹ̀, etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá já bọ́ sílẹ̀, láàárín eyín wọ̀nyẹn ni ọmọ tuntun ti ń hù, tòun ti gbòǹgbò tín-ín-rín. Ní 1813, Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, kọ lẹ́tà nípa ewé yìí gan-an. Ó ti ń tọ́ ọ wò: láàárọ̀ ó kan, nígbà tó di ọ̀sán kò kan mọ́, ó ti tẹ́, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó korò díẹ̀. Wọ́n tẹ lẹ́tà náà jáde ní 1815. Èmi náà tọ́ ọ wò nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàyọ́lọ́jì ní Ṣakí, kí oòrùn tó yọ. Kíkan rẹ̀ dé eyín. (Bí o bá dán an wò, tu ú dànù. Ó lè ṣe ẹran ọ̀sìn ní jàǹbá bí wọ́n bá jẹ ẹ́ púpọ̀.)

Ohun tó fa kíkan yìí ni pé òru ni abámọdá ń ṣí ihò rẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù, tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Á gba kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì wọlé, á sọ ọ́ di ásíìdì, á fi pamọ́ sínú ewé. Bílẹ̀ bá mọ́, á pa ihò dé, á máa yọ ohun tó fi pamọ́ lò díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn, kíkan náà á sì máa tán lọ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ewé lè fi pamọ́ lóru kan ní ìwọ̀n, nítorí náà kò lè sáré dàgbà bí àgbàdo.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí o dúró dáadáa. Báwo ni òru ṣe gùn tó ní Yangí? Bó bá gùn tó sì tutù, Adúródòjò lè máa ṣe bí abámọdá. Àwọn obìnrin Yangí á máa já ewé rẹ̀ sọ́bẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá sùn pẹ́, ọbẹ̀ rẹ̀ á tẹ́. Sọ ewé náà di kékeré, kó nípọn. Pa ọ̀rọ̀ oṣù kan yẹn rẹ́. Èso náà, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, jẹ́ kó so lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún méje.

Bó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ kó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan gbẹ, wo igi tí àwọn Hausa ń pè ní gawo. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á wọ́wé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á rúwé. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin ọkà bàbà sábẹ́ rẹ̀, màlúù sì ń jẹ èso rẹ̀ nígbà tí koríko ti tán. Gbòǹgbò tó lọ bá omi abẹ́lẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ní aṣálẹ̀ Kalahari, ní Botswana, wọ́n ti bá gbòǹgbò igi Boscia albitrunca ní mítà 68 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Bí èyí bá wù ọ́, kí omi wà lábẹ́ Yangí, kí igi náà sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti lọ sísàlẹ̀ kó tó máa ga sókè. Mú ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì, má pa wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Wọ́n ní igi kan wà tó ń gbẹ pátápátá, tó sì ń jí bí òjò bá rọ̀. Ṣé òótọ́ ni? *(Bàbá kan, Ọ̀yọ́)*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, Bàbá. Igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Myrothamnus flabellifolius ń hù lórí àpáta ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Nígbà ọ̀dá, ewé rẹ̀ á ká jọ, á gbẹ bí igi ìdáná. Bí òjò bá rọ̀, láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ó ti tún tutù. Bí omi ṣe ń jáde, àwọn ṣúgà kan ń dúró nípò rẹ̀ kí inú ewé má baà bàjẹ́. Irú wọn kì í di igi ńlá. Ẹ kò sì ní láti rìn jìnnà: lórí àwọn àpáta ńláńlá ilẹ̀ wa, ohun kan bíi koríko wà tí wọ́n ń pè ní Afrotrilepis pilosa, ó ń tẹ́ bẹẹrẹ sójú òkúta tí kò sí iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀. Ẹ lọ wò ó nígbà ọyẹ́, nígbà tó ti gbẹ, kí ẹ padà lọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.