Aago tó ń ka ìlù ọkàn: ìgbà wo ló yẹ ká gbà á gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 61 ni mí, ẹrù ni mò ń gbé nílé ìkẹ́rùsí kan tó máa ń gbóná gan-an. Wọ́n fún àwa tá a ti dàgbà ní aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn, pé yóò máa kìlọ̀ fún wa. Tèmi kì í dún rárá, ti ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń dún ṣáá. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kí n gbọ́kàn lé e?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ara páálí oògùn yín. Bí orúkọ rẹ̀ bá parí sí "-olol", bí atenolol tàbí bisoprolol, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré ni. Ooru lè ti fẹ́ dá yín wó, kí ìlù ọkàn yín má tíì dé iye tí aago ń dúró dè. Ẹ má tìtorí ìyẹn dá oògùn dúró o. Ẹ bi dókítà yín pé iye wo ni kí ẹ fi ṣe ààlà tiyín.

Ẹni tí kò lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú 180, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni ọdún 61 á ní 119. Bí ọkàn bá ń lù ju 119 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó sọ ẹrù kalẹ̀, kó lọ jókòó síbi tó tutù. Ọ̀pọ̀ aago ló jẹ́ pé 220 ni wọ́n fi ń ṣírò, ìyẹn 159 fún yín. Ẹni tó ń sáré ìdárayá ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyẹn gbé ẹrù láti àárọ̀ dalẹ́.

Ti ẹnì kejì yín tó ń dún ṣáá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé okùn rẹ̀ ló dẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ aago ló ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ lábẹ́ awọ. Bí aago bá ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, mímì apá ni yóò máa kà bí ìlù ọkàn. Kó so ó sókè egungun tó yọ kókó lọ́rùn ọwọ́, ní ìwọ̀n ìka kan, kó má yẹ̀ tó bá ju ọwọ́. Lẹ́yìn náà, kó fi ìka méjì wá ìlù ọkàn lọ́wọ́ kejì, kó kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí tiẹ̀ àti ti aago bá fi ju 10 lọ yàtọ̀, ìka ni kó gbà gbọ́. Okùn àyà, ìyẹn okùn tí wọ́n ń so mọ́ àyà láti ka ìlù ọkàn, dára jù fún ẹni tó ń gbé ẹrù, àmọ́ ẹ fi omi rin inú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yí, kó má so ohunkóhun mọ́ ọwọ́.

Òǹgbẹ kì í tètè gbẹ àgbà, òógùn wa sì máa ń dín kù. Ẹ máa mu bí ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 nínú ooru, àfi tí dókítà bá ti díwọ̀n omi fún yín. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró, bí aago kò tilẹ̀ fọhùn. Ẹni tó bá ń sọ ìsọkúsọ nínú ooru, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ pe ọkọ̀ ìlera kíá.

Àti pé, kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé kankan, ẹ béèrè ta ni yóò máa rí ohun tí aago ń kọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò ní fi lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́.