Ṣé Sàká Mi Á Wọlé Bí Mo Bá Kó O Fún Ìgbìmọ̀ Mọ́sálásí?

Ìbéèrè: As-salāmu alaykum, Aáfà. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Fúnra mi ni mo máa ń pín sàká mi fún àwọn tó bá wá sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbìmọ̀ sàká mọ́sálásí àdúgbò wa wá ní ká máa kó o wá fún àwọn. Ṣé ó tọ́? Àbúrò mi tí kò rọ́wọ́ họrí ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salām, Àlájà. Ó tọ́, kódà bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé Ànábì nìyẹn. Nínú Sùúrà At-Taobah, áyà 60, Ọlọ́hun ka àwọn tó ń gba sàká jọ mọ́ ìsọ̀rí mẹ́jọ tó tọ́ sí.

Ohun kan ń dùn mí nílùú Abẹ́òkúta yìí. A ń pín ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan fún èrò rẹpẹtẹ. Wọ́n á jẹun lọ́jọ́ náà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ojú kan náà la tún ń rí. Bí ọlọ́jà mẹ́wàá bá da tiwọn pọ̀, a lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún opó kan, kó bọ́ lọ́wọ́ agbe. Imāmu Nawawi, àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn láyé àtijọ́, kọ ọ́ pé kí wọ́n fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní ohun tí yóò fi ra irinṣẹ́ rẹ̀. Ká fi sàká gbé èèyàn dìde, kóun náà di ẹni tó ń yọ sàká, ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́hun fún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ìwé ìṣirò wọn, ẹ má tijú. Nígbà tí Ibn al-Lutbiyyah, ẹni tí Ànábì rán, ti ibi tó ti lọ gba sàká dé, tó ní, “Tiyín nìyí, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ,” orí mínbárì ni Ànábì ti bá a wí: kí ló dé tí kò jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀, kó wò ó bóyá ẹ̀bùn yóò wá bá a? Ìgbìmọ̀ tó bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ má kó owó yín fún un.

Ẹ yọ ti àbúrò yín ná. Láádá méjì ni, ti sàká àti ti okùn ẹbí. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni kò sí níbẹ̀, torí bíbọ́ wọn jẹ́ dandan fún yín.

Àdìrẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá iye tó ń lọ lọ́jà lónìí lé e, kẹ́ ẹ rò ó mọ́ owó ọwọ́ yín. Bó bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tó sì ti pé ọdún òṣùpá kan, ìdá kan nínú 40 ni ẹ ó yọ.