Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Sẹ́ńsọ̀ Throttle Tó Ń Ṣiṣẹ́, Tó Tún Ń Kọṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Camry 1999 ni mò ń wà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní “pencil light”, ẹ́ńjìnnì 2.2, jíà ọtọmátíìkì. Bí mo bá ń bá eré lọ lójú títì Ìbàdàn sí Èkó, tí ẹsẹ̀ mi dúró sójú kan lórí tọ́rótù, ọkọ̀ á ṣàdédé jẹ́kì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á sì tún máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Nígbà míì jíà á já sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́. Iná check engine a máa tàn, ọjọ́ mélòó kan á kọjá, á kú fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì àti pọ́ǹpù epo, ó wá ní gíábọ́ọ̀sì ló kù tí a máa tú. Skánà, ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe inú ọkọ̀, mú kóòdù P0120 jáde nígbà kan, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ throttle, ó ní ara rẹ̀ le. Kí ni kí n ṣe? — *Òǹkàwé láti Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì yẹn. P0120 ń sọ pé ìròyìn tó ń ti ara sẹ́ńsọ̀ throttle (TPS), tó ń wọn bí tọ́rótù ṣe ṣí tó, dé ọ̀dọ̀ brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kò gún. Ìròyìn yìí àti iyára ọkọ̀ ni brain box fi ń pinnu jíà tó yẹ. Bí ìròyìn bá fò lójijì, bí ẹni pé ẹ tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ ni yóò rí sí i, á sì já jíà sísàlẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni.

Iná tó kú fúnra rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ara ọkọ̀ ti yá. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996, brain box á pa iná náà bí ìrìn mẹ́ta léraléra bá kọjá láìsí àṣìṣe, ṣùgbọ́n kóòdù á ṣì wà nínú rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi tutù tí yóò sì gbóná tó ìgbà 40. Ó tún máa ń tọ́jú bí nǹkan ṣe rí ní àkókò tí àṣìṣe wáyé: iyára ọkọ̀, ìyípo ẹ́ńjìnnì, bí omi ṣe gbóná tó. Orí skánà, “freeze frame” ni wọ́n kọ sí i. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa kóòdù rẹ́, torí òun ló máa sọ fún yín irú ipò tí ẹ gbọ́dọ̀ dá padà kí àìsàn náà lè yọjú.

Kí ló dé tí mẹkáníìkì wọ̀n ọ́n tó rí i pé ó dára? Sẹ́ńsọ̀ yìí kò ju ojú ọ̀nà kábọ̀nù kan tí ọwọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ ń rá lórí rẹ̀ lọ. Wáyà mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀: VC gbé volt 5 wá, E2 ni ẹ́ẹ̀tì, VTA ni ìròyìn. Bí ẹ kò bá tẹ tọ́rótù rárá, VTA yẹ kó wà láàárín volt 0.3 sí 0.8, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, 3.2 sí 4.9. Ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń dúró sí jù ní títì ni ọwọ́ irin yẹn ń rá lójoojúmọ́ láti ogún ọdún, ibẹ̀ náà sì ni kábọ̀nù ti máa ń jẹ tán. Ẹni tó bá wọn ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan ti fo ibi tó bàjẹ́ kọjá. Àìsàn tí kì í dúró de oníṣègùn nìyí. Àfi kí ẹ ba dè é.

Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. TPS wà lára throttle body, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ní òdì kejì ibi tí wáyà tọ́rótù ń fà. Ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé lára irin inú rẹ̀, tàbí epo ẹ́ńjìnnì, tàbí irin kan tó ti ya ẹnu tí kò di èkejì rẹ̀ mú mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti rí ọ̀daràn náà láìná kọ́bọ̀.

Ẹ dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan irin inú rẹ̀. Ẹ má gún ara wáyà rárá. Ihò kékeré yẹn ni omi máa gbà wọlé, tí kọ́pà á fi jẹra lábẹ́ rọ́bà, ẹ ó sì ti fi ọwọ́ ara yín dá àìsàn kejì sílẹ̀. Láàárín VC àti E2, mítà gbọ́dọ̀ ka volt 4.5 sí 5.5. Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ kò kan sẹ́ńsọ̀. Ẹ wá a lọ sọ́nà brain box. Láàárín E2 àti ojú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kò yẹ kó ju volt 0.1 lọ.

Ẹ wá gbé mítà sórí VTA àti E2. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó máa tẹ tọ́rótù díẹ̀díẹ̀, kó ka ení sí ẹ̀wá kó tó dé ìsàlẹ̀, kó sì tún ka ení sí ẹ̀wá kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Mítà alábẹ́rẹ́ àtijọ́ dára fún iṣẹ́ yìí ju onínọ́ńbà olówó pọ́ọ́kú lọ, torí onínọ́ńbà kì í yí ojú padà ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìjákulẹ̀ sì lè kọjá kó tó ṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ yẹ kó gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá wárìrì, tàbí tó já wálẹ̀ lójú kan náà nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá dé ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ti kú síbẹ̀. Bó bá jẹ́ onínọ́ńbà nìkan lẹ ní, ẹ lo bọ́tìnnì Min/Max rẹ̀, tó ń tọ́jú nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó ga jù. Bó bá jẹ́ skánà tó ń ya ìlà lẹ fẹ́ lò, ẹ yan throttle position nìkan, ẹ yọ ìyókù kúrò, kó lè yára.

Bí kò bá sí nǹkan nígbà tó tutù, ẹ ṣe é lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa. Ẹ lè fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí sẹ́ńsọ̀ náà, tàbí kí ẹ rọra fi ìdí sìkúrúdíráfà kàn án bí ẹ ti ń wo abẹ́rẹ́.

Wáyà ńkọ́? Ẹ fi igi dá tọ́rótù dúró ní ìdajì kó má lè mira, kí ẹ wá máa mi wáyà láti ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì títí dé ibi tó ti wọ inú ọkọ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá fò nígbà tí tọ́rótù kò mira, wáyà ni. Bó bá jẹ́ orí skánà lẹ ti ń wò ó, ibi tó fò sí náà ń sọ̀rọ̀: bó bá sáré lọ sókè sí volt 5, E2 ló já, bó bá wálẹ̀ sí òdo, ẹ wo VC àti VTA. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́, ẹ jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé, ẹ fi rọ́bà tí ń sún kì bo ó. Kí rìwáyà má kàn lọ́ ọ pọ̀ kó fi téèpù dì í. Ooru ẹ́ńjìnnì á tú u.

Bó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀, kò sí àtúnṣe. Àwọn kan máa ń fín òògùn ìfọ kábúrétọ̀ sí i nínú. Ó lè dá fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n òògùn yẹn ń ba kábọ̀nù tó kù jẹ́ ni. Bí ẹ bá sì ń ra tòkunbọ̀ ní Ládìípọ̀ tàbí Gate, ẹ rántí pé ó lè dàgbà tó èyí tó wà lára ọkọ̀ yín. Ẹ gbé mítà dání: láàárín VC àti E2, kílò-ohm 2.5 sí 5.9, lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà sí VTA àti E2, kí ẹ fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà tó bá fò lójijì nínú yíyí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

ÌBÉÈRÈ: Mo pààrọ̀ TPS fúnra mi. Láti ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì ń ké láìtẹ tọ́rótù, jíà sì ń pẹ́ kó tó wọlé. Ṣé tuntun náà ò dáa ni? — *Òǹkàwé láti Òṣogbo*

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó dáa, bí ẹ ṣe dè é ni kò dáa. Ẹ rí i dájú pé ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú throttle body ti pa dé. Ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ sí i ní dídagun, kí ẹ wá yí i títí ihò síkúrù méjèèjì yóò fi ṣe déédéé. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé sípírìn ń bá yín jà bí ẹ ti ń yí i; bí kò bá jà, ẹ̀gbẹ́ òdì ni ẹ gbé e sí, ó sì lè máa dá ilẹ̀kùn náà dúró ní ṣíṣí. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn VTA: 0.3 sí 0.8. Bí ihò síkúrù bá gùn, ẹ lè sún un díẹ̀ kó bọ́ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ roboto, ẹ má fi fáìlì fẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fọwọ́ kan síkúrù tó dá ilẹ̀kùn dúró. Ẹ yọ fíúsì EFI fún ìṣẹ́jú kan láti pa kóòdù rẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Corolla 2009 ni tèmi, P2135 ló ń mú wá. N ò rí TPS kankan lára rẹ̀. — *Òǹkàwé láti Abẹ́òkúta*

ÌDÁHÙN: Kò sí wáyà tọ́rótù lára tiyín, mọ́tò kékeré ló ń ṣí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́, sẹ́ńsọ̀ sì wà nínú throttle body gan-an. Ìròyìn méjì ló ń fi ránṣẹ́, VTA1 àti VTA2, kí ọ̀kan lè máa jẹ́rìí èkejì. P2135 ń sọ pé ẹ̀rí àwọn méjèèjì kò bára mu, ìyẹn sì lè mú kí ọkọ̀ kọ̀ láti sáré. Ẹ yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà wò bí a ti sọ lókè, torí wáyà méjì tó fara kanra tó láti mú kóòdù yìí wá. Bí wáyà bá dára, odindi throttle body lẹ máa pààrọ̀. Ẹ má ti ìka bọ ibẹ̀ láti nu ìdọ̀tí nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí: mọ́tò yẹn lè pa ilẹ̀kùn dé lójijì, ó sì lágbára tó láti ṣe ìka léṣe.