Ọ̀bọ Já Ẹ̀pà Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí wa. Mo kó àwọn ọmọ lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lọ́dún tó kọjá. Nínú igbó, ọ̀bọ kan já ẹ̀pà gbà lọ́wọ́ àbígbẹ̀yìn mi. Ìyá ọkọ mi ní èèwọ̀ ni, a ò gbọdọ̀ lé e. Ṣé kí n tún kó wọn lọ lóṣù kẹjọ?
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Iléṣà

Ìdáhùn: Ẹ kó wọn lọ jàre. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun máa gbọ́ ìròyìn Arugbá lẹ́nu ẹlòmíì? Ẹ̀pà ni kí ẹ fi sílé. Èmi náà ti jẹ nínú ẹ̀: ọ̀bọ kan yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú báàgì mi, ó rọra bó o níwájú mi, ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. Àwa èèyàn la kọ́ wọn. Tá a bá ń bọ́ wọn, ẹ̀rù wa ò ní bà wọ́n mọ́, wọn á sì máa wọ ilé onílé.

Ìyá ọkọ yín ò parọ́. Èèwọ̀ ọdẹ àti ẹja pípa wà lára ohun tó jẹ́ kí igbó náà, hẹ́kítà 75, ṣẹ́kù síbẹ̀ títí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àmọ́ kéèyàn yà fún ọ̀bọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Bó bá ha ọmọ tàbí gé e jẹ, ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé ọmọ náà lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà. Àrùn dìgbòlugi ò mọ sára ajá nìkan. Omi Ọ̀ṣun ń ṣe tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọṣẹ náà ṣe tiẹ̀.